Tacoma 2017 tàbí ti 2019: èwo nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé yìí ló yẹ kí n sanwó lé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Aláárè. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí màá fi máa kó obì àti ẹ̀gẹ́ láti oko lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣágámù, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀nà oko yẹn tó kìlómítà mẹ́sàn-án, ilẹ̀ pupa ni, tí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìyókù jẹ́ títì ọlọ́dà, a ó sì gba márosẹ̀ Ọ̀rẹ̀ sí Ṣágámù. Èmi àti ìyàwó mi la ó jọ máa wà á.

Toyota Tacoma méjì ni wọ́n fi hàn mí, V6 ni méjèèjì, ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ọ̀kan jẹ́ 2017 TRD Off-Road. Èkejì jẹ́ 2019 Limited, "full option" ni ẹni tó ń tà á ń pè é: ó ní rédà níwájú, ó ń báni tẹ bíréèkì, ó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń ké béèyàn bá yà kúrò lójú ìlà, awọ ni ìjókòó rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti 2017 lọ dáadáa. Bí mo bá mú ti 2017, owó tó kù á ra tíráákà, kámẹ́rà dáṣíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ táyà. Èwo ni kí n mú?

Rìwáyà Ṣágámù:
Kí a tó sọ̀rọ̀ rédà, ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti 2019 yẹn ló ń wọ́? Limited wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fojú mọ̀ ọ́n láti òkèèrè, torí ọkọ̀ náà ga bákan náà. "Full option" kò túmọ̀ sí pé ó pé. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá bọ́tìnnì rogodo kan wà tí wọ́n kọ 2WD (ẹsẹ̀ méjì), H4 (ẹsẹ̀ mẹ́rin, fún eré) àti L4 (ẹsẹ̀ mẹ́rin, fún ìrìn pẹ̀lẹ́) sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣáfùtù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó lọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mẹkáníìkì Mọ́lípà:
Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ohun tí èmi máa ń fi wọ̀n ọ́n nìyí: ohun tí a kò lè fi kún ọkọ̀ níbí ni kí ẹ san owó lé. Kámẹ́rà, tíráákà, iná, rédíò, gbogbo ìyẹn ni rìwáyà á fi sí i láàárín ọjọ́ méjì. Ẹnikẹ́ni kò lè bá yín fi jíà ẹsẹ̀ mẹ́rin sínú ọkọ̀ tí kò bá a wá, kí owó má tó ra ìdajì ọkọ̀ mìíràn.

TRD Off-Road ní ohun kan tí Limited kò ní: lọ́ọ̀kì tó wà nínú difrẹ́ńṣà ẹ̀yìn, ìyẹn jíà tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Nínú ẹrẹ̀, bí ẹsẹ̀ kan bá ń yọ̀, ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ yẹn ni agbára ẹ́ńjìnnì máa ń sá lọ, èyí tó dúró lórí ilẹ̀ líle á kàn máa wòran. Lọ́ọ̀kì yìí ló ń so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí. L4 nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ lára Tacoma. Ẹ dúró pátá, ẹ fi jíà sí N, ẹ yí i sí L4, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì lọ́ọ̀kì. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, kò tíì wọlé. Ẹ sún ọkọ̀ díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ yọ ọ́ gbàrà tí ẹ bá ti jáde nínú ẹrẹ̀, torí ọkọ̀ kì í fẹ́ kọ́ọ̀nà tó bá wà lórí lọ́ọ̀kì, ó sì lè ṣẹ́ nǹkan.

H4 náà, ẹ má lò ó lórí ọ̀dà gbígbẹ. Iwájú àti ẹ̀yìn kì í rin ìrìn kan náà ní kọ́ọ̀nà, ìfà yẹn á máa lọ́ ṣáfùtù àti jíà títí yóò fi fọ́. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sùn pátápátá: Toyota ní kí ẹ máa wà á lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin fún kìlómítà 16 ó kéré tán lóṣooṣù, kí ọ́ìlì lè dé iwájú. Ọ̀nà oko yín á ṣe ìyẹn láìrò tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Ìperu:
Mo fara mọ́ ti ẹsẹ̀ mẹ́rin, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká máa fi rédà ṣe yẹ̀yẹ́. Láti Tacoma ti 2018 ni Toyota ti ń fi Toyota Safety Sense P sí gbogbo rẹ̀, yálà olówó gọbọi tàbí olówó pọ́ọ́kú. Ó ń rí ọkọ̀ tó wà níwájú, ó ń rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó máa ń ké, ó sì máa ń tẹ bíréèkì bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́. Fún ẹni tó ń gba márosẹ̀ lálẹ́, tí tírélà dúró síbẹ̀ láìtan iná, ìyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ti ìlà ojú ọ̀nà ni kò wúlò. Ariwo nìkan ló ń pa lára Tacoma, kì í yí sítíárìn, ọ̀dà àwa náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìlà tó ṣì hàn.

Rìwáyà Ṣágámù:
Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ, tí ẹ̀rọ náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn. Ojú méjì ló ń lò: rédà tó wà lẹ́yìn àmì Toyota níwájú, àti kámẹ́rà tó wà lókè wínsíkírìn. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ti gbá níwájú rí, wọ́n á ra àmì olówó kékeré lé e. Ẹ fi ọwọ́ pa á: ojúlówó àmì ọkọ̀ tó ní rédà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bíi gíláàsì. Bí ọwọ́ yín bá ń wọ inú ihò àmì náà, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, rédà kò sì lè rí òde dáadáa.

Wínsíkírìn náà ń kọ́? Bí òkúta bá fọ́ ọ, èyí tí ẹ máa ra gbọ́dọ̀ ní ibi tí kámẹ́rà yẹn ń jókòó sí. Bí ẹ bá sì rí i, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà àti pátákó àmì tún ojú kámẹ́rà náà tò. Bí ojú rẹ̀ bá fi díẹ̀ ṣẹ́, ó lè máa wo ibi tí kò yẹ. Ẹ béèrè ẹni tó ní pátákó yẹn ní agbègbè wa kí ẹ tó sanwó.

Nínú oko, ẹ máa pa ẹ̀rọ tó ń báni tẹ bíréèkì yẹn. Koríko gíga tó bá ń kan iwájú ọkọ̀ lè mú kó rò pé nǹkan dínà, kó tẹ bíréèkì lójijì. Ẹrẹ̀ tó bá sì bo àmì iwájú á fọ́ ọ lójú. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Èyí tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́, igun bọ́ńpà ẹ̀yìn ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà. Wẹ́dà tó bá jó irin gààrù mọ́ ibẹ̀ ti di í lójú nìyẹn.

Fọkanáísà Òde-Rẹ́mọ:
Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti táyà, torí òun ni mo rí pé ẹ fẹ́ ná owó sí. Tacoma ti ní ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ táyà tirẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí fááfù wà. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ kí ẹ wo iná rẹ̀: bó bá tàn tó sì dúró bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kéré. Bó bá kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú fún bíi ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, sẹ́ńsọ̀ ló ti kú. Bátìrì inú rẹ̀ kì í ju bí ọdún 5 sí 10 lọ, kò sì ṣeé pààrọ̀, odindi rẹ̀ lẹ ó rà. 315 MHz ni ìgbì rédíò tí sẹ́ńsọ̀ ti Amẹ́ríkà ń lò. Bí wọ́n bá ta 433 fún yín, ọkọ̀ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ láéláé. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ kó tó ké. Àfi kí afẹ́fẹ́ dín ní ìdá mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 30 psi ni wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, kò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi di 22 tàbí 23. Ọkọ̀ tó ru obì lórí 23, táyà rẹ̀ ti ń gbóná nínú. Torí náà ẹ ra géèjì olówó iyebíye kan, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Èyí sàn ju ẹ̀rọ tuntun lọ lójú tèmi.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí fááfù lóde, ẹ pààrọ̀ fááfù rọ́bà sí onírin kọ́kọ́. Ẹrù sẹ́ńsọ̀ yẹn á máa gbọn rọ́bà bí ẹsẹ̀ bá ń yí, á sì sán án ní ìdí.

Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tú táyà pé sẹ́ńsọ̀ wà nínú rẹ̀. Òdìkejì fááfù ni kó ti kọ́kọ́ já táyà kúrò lára wíìlì. Bó bá ki irin bọ̀ ọ́ nítòsí fááfù, ẹ ó gbọ́ "kẹ́", ó ti ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da omi adíjò sínú rẹ̀, á dí ihò sẹ́ńsọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti wọ abẹ́ ti 2019. Ṣáfùtù kan ṣoṣo ni, ó lọ sẹ́yìn. Kò sí bọ́tìnnì rogodo nínú ti 2019. Ti 2017 ní in. Nítorí náà ti 2017 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá là mí lójú lórí tíráákà.

Àǹtí Ìperu:
Ó ti tán. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Rédà kì í fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀.

Rìwáyà Ṣágámù:
Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò ìwádìí lábẹ́ sítíárìn. Ibẹ̀ ni olè kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ wáyà ni kí ẹ rà, tó ní bátìrì kékeré nínú, kó lè ṣì máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá já bátìrì ọkọ̀. Kí ó tún jẹ́ irú èyí tó ń tọ́jú ìrìn rẹ̀ sínú bí nẹ́tíwọọ̀kì kò bá sí, torí inú igbó lẹ̀yin ń lọ. Ẹ fi fóònù wo nẹ́tíwọọ̀kì tó ń dé oko yín, kí ẹ ra síìmù ti ìyẹn.

Wáyà mẹ́rin ló ṣe kókó: èyí tó ń gba iná nígbà gbogbo, èyí tó lọ sí ara irin, èyí tó ń gba iná bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, àti èyí tó ń pàṣẹ fún ríléè, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná tàbí tó ń so ó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà, mítà ni kí wọ́n fi dán an wò. Fíùsì 3 amps ní ìdí èyí tó ń gba iná. Kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú ìsopọ̀, kí wọ́n fi rọ́bà tí iná ń sún kì bò ó. Téèpù lásán á yọ́ nínú oòrùn. Wáyà tó ní ike yẹ́lò lójú, ti báágì afẹ́fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kàn án. Wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra wọn bí okùn náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ríléè: nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, 30 àti 87a ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe 87. Bó bá jẹ́ 87, ọjọ́ tí tíráákà bá kú, ọkọ̀ náà ò ní tan. Ọ̀pọ̀ á sọ pé kí ẹ so ó mọ́ pọ́ńpù epo. Ẹ kọ̀. Bí àṣẹ bá ṣèèṣì wọlé nígbà tí ìyàwó yín wà lórí márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú, sítíárìn á wúwo, bíréèkì náà á le. Wáyà kékeré tó ń pe sítáátà ni kí wọ́n gé. Olè á wà á lọ títí yóò fi pa ẹ́ńjìnnì, kò sì ní tan mọ́.

Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí wọ́n fi tíráákà pamọ́ sí, lábẹ́ ike, kì í ṣe lábẹ́ irin, kí ojú rẹ̀ kọ òkè.

Kámẹ́rà dáṣíbọ́ọ̀dù: ẹ béèrè èyí tó ń lo capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ dípò bátìrì), ẹ má ra oníbátìrì. Oòrùn ọ̀sán nínú ọkọ̀ tó dúró sójú kan á mú bátìrì yẹn wú.

Mẹkáníìkì Mọ́lípà:
Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ẹ wo ìwé kékeré lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹrù tí Tacoma onílẹ̀kùn mẹ́rin lè gbé kò ju bíi 450 sí 550 kìlò, èèyàn inú rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ ti jẹ nǹkan bí 220 níbẹ̀. Bí àpò obì yín bá ju ìyẹn lọ, Hilux ni kí ẹ wá, ó ń gbé ẹrù tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀rọ ìgbàlódé kan kò ní gba sípírínì lọ́wọ́ ẹrù ẹ̀gẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Àpò mẹ́rin ni a máa ń kó lẹ́ẹ̀kan, bíi 70 kìlò kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ọmọṣẹ́ kan.

Mẹkáníìkì Mọ́lípà:
Ó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ fi méjì kún un.

Fọkanáísà Òde-Rẹ́mọ:
Kámẹ́rà rifáàsì wà nínú ọwọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ kó lè gba ẹrù gígùn, ilẹ̀ ló ń wò, torí náà ẹ má fọkàn tán an. Ìlẹ̀kùn yẹn tún rọrùn láti jí, èèyàn kan lè gbé e yọ. Ẹ ra kílíìpù tí wọ́n fi ń di họ́ọ̀sì, kí ẹ dì í mọ́ ìdè ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ fi ìdè rẹ̀ kọ inú.

Rìwáyà Ṣágámù:
Kí ẹ tó kówó sílẹ̀: ẹ mú ẹ̀rọ ìwádìí olówó kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ẹ ki í bọ ihò abẹ́ sítíárìn. Ẹ má wo kóòdù nìkan. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ readiness sí, níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ bóyá ó ti yẹ ara rẹ̀ wò tán. Bí púpọ̀ nínú rẹ̀ bá ní òun kò tíì ṣetán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná ẹ́ńjìnnì rẹ́ láàárọ̀ yẹn ni, tàbí wọ́n já bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n wà á fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tún padà wá kà á. Kí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ló wà, a lè fi ìyẹn kọ́ ọkọ̀ ní èkejì. Bí ọ̀kan yẹn bá sọnù, àfi kí a tú àpótí tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, owó ìyẹn á ju ti tíráákà lọ.