Mọ́tò mi ò dáhùn láàárọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Ìyá Ìbejì, Chicago

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú ìfaradà òtútù yìí. Mọ́tò mi ti ọdún 2003 ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́" ni mo ń gbọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa ṣẹ́jú. Tí aládùúgbò mi bá fi wáyà fún un níná, kíá ló ń sítáàtì. Mo ra bátìrì tuntun; ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe dáadáa, ó tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì kan wá ní kí n pààrọ̀ sítátà àti alternator (ẹ̀rọ tó ń kún bátìrì) papọ̀. Agbára mi ò ká owó yẹn. Ta ló ti rí irú èyí rí?

Bọ̀dá Rewáyà, Minneapolis

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ rewáyà ni mo kọ́ n'Íbàdàn kí n tó wá síbí, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká mú sípánà láìjẹ́ pé a ti gbọ́ ohùn mọ́tò.

"Kẹ́kẹ́kẹ́" yẹn túmọ̀ sí pé iná tó ń dé sítátà ò tó: ó fà, iná wálẹ̀, ó já, ó tún fà. Ká ní "kọ́!" ẹ̀ẹ̀kan péré ni, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì mọ́lẹ̀ rekete, sítátà ni ǹ bá kọ́kọ́ fura sí. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí geere ṣùgbọ́n tí kò gbiná, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ bátìrì nìyẹn, ó di ti púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì tàbí epo.

Ìbéèrè kan: níbo ni aládùúgbò yín máa ń fi wáyà dúdú há nínú mọ́tò yín?

Ìyá Ìbejì

Irin ẹ́ńjìnnì ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ní kò dáa kí òun fi há orí bátìrì tó ti kú.

Bọ̀dá Rewáyà

Òótọ́ ló sọ, nítorí iná tó lè ta pàrà lẹ́bàá bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan mìíràn tí ó ń ṣe láìmọ̀: wáyà dúdú tirẹ̀ ti di ọ̀nà tuntun tí iná ń gbà padà láti ẹ́ńjìnnì, kò kọjá lára wáyà négétíìfù tiyín, èyí tó so bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, rárá. Tí mọ́tò bá wá sítáàtì kíá báyẹn, wáyà négétíìfù yín ni mo fura sí.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra bátìrì méjì àti sítátà kan, wáyà tí kò gùn ju apá mi lọ ló fa gbogbo rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló máa ń wọ inú rẹ̀. Lóde, rọ́bà rẹ̀ á máa dán. Nínú, kọ́pà ti di àwọ̀ ewé. Sítátà máa ń fa iná tó lé ní 100 ámpù. Tí ìdènà tó kéré bíi 0.01 ohm bá wà lójú ọ̀nà, fólítì kan gbáko ti sọnù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni alternator ò ní ráyè kún bátìrì tuntun dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọjọ́ mẹ́rin ló lò.

Ẹ wá mítà kékeré, kì í wọ́n. Ẹ yí i sí fólítì DC, 20. Lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti sùn mọ́jú, ẹ wọn bátìrì: 12.6 ni pé ó kún, 12.4 ṣì dáa díẹ̀, tó bá ti di 12.0 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́, jíà nínú páàkì, hándíbíréèkì lókè, kí ẹ kó gèlè àti aṣọ kúrò nítòsí bẹ́líìtì. Tí bátìrì tó kún bá wálẹ̀ ju 9.6 lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fò ló kù. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí négétíìfù bátìrì gan-an, ẹ má fi kan ohun tó dì í mú. Ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́. Kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá ju 0.2 lọ, wáyà yẹn ń jẹ iná yín.

Àbúrò, Houston

Ẹ̀gbọ́n, nílé, a máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti mọ̀ bóyá alternator ń ṣiṣẹ́. Ṣé kò yá ju mítà lọ ni?

Bọ̀dá Rewáyà

Ẹ má dán an wò o! Lára Peugeot 504 ayé àtijọ́, tí kò ní kọ̀ǹpútà, a máa ń ṣe é. Lóde òní, iná alternator lè fò sókè lójijì kó sì ba kọ̀ǹpútà mọ́tò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ wọn orí bátìrì: 13.8 sí 14.5 ló yẹ kó wà.

Àǹtí Peckham

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀: iná búùtù ni kì í kú, ó ń mu bátìrì mọ́jú. Fíùsì ni ọkọ mi ń yọ níkọ̀ọ̀kan títí mítà fi wálẹ̀. Wọ́n ní iná tí mọ́tò ń fà kò yẹ kó ju 50 milliamp lọ nígbà tó bá sùn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ló bá mi yí kọ́kọ́rọ́. Bátìrì: 12.4. Nígbà tó ń yí, 11.3. Láàárín orí négétíìfù àti ẹ́ńjìnnì: 3.1!

Bọ̀dá Rewáyà

Bátìrì yín lágbára, iná rẹ̀ ni kò délé. Ẹ pààrọ̀ wáyà yẹn. Négétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn. Ẹ fi omi gbígbóná àti baking soda fọ orí bátìrì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi irin búrọ́ọ̀ṣì ha ojú irin ibi tí bóòtù máa jókòó sí títí yóò fi dán.

Ìyá Ìbejì

A ti so tuntun. Mo fi ọ̀bẹ la ti àtijọ́: bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́, ewé ni inú rẹ̀, ó ń rún sí mi lọ́wọ́. Láàárọ̀ òní, òtútù ju ti àná lọ, ìyí kan péré ló gbà. Mítà sọ 14.2. Mi ò ra sítátà, mi ò ra alternator. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Bọ̀dá Rewáyà

Inú mi dùn. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa orí méjèèjì, kí iyọ̀ má tún wọlé, kí ẹ sì tún un wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.