Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo ń wá olùkọ́ tó máa ran ọmọ mi lọ́wọ́ nínú AP Biology

Ìyá Akọ́bí:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o. Mo nílò ìmọ̀ràn yín, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kọkànlá níbí ní Amẹ́ríkà. AP Biology, ìyẹn Báólójì ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe nílé ìwé girama, ló ń ṣe lọ́dún yìí, oṣù karùn-ún sì ni ìdánwò rẹ̀. A ti wà nínú oṣù kìn-ín-ní báyìí. Ọmọ tó jẹ́ pé A nìkan ló máa ń gbà nínú sáyẹ́ǹsì látẹ̀yìnwá ni, àmọ́ látìgbà tó ti wọ kíláàsì yìí, C ló ń gbà, ó tiẹ̀ gba D lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé kì í kàwé o. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo ṣì máa ń bá a nídìí ìwé, ó ti fi yíǹkì aláwọ̀ oríṣiríṣi fa ìlà sí gbogbo ojú ìwé. Ẹ bi í pé kí ni mitochondria inú sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, á rò ó fún yín tinú-tẹ̀yìn. Kí máàkì wá dé, ká má rí nǹkan kan.

Lóṣù kẹwàá, a gba olùkọ́ kan láti ilé iṣẹ́ tó ń pèsè olùkọ́ àdáni. Wákàtí kan lọ́sẹ̀, lórí Zoom. Ńṣe ló máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún un, á wá ní kó lọ há orúkọ gbogbo ẹ́ńsáìmù inú Krebs cycle, ọ̀kan lára ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà yọ agbára inú oúnjẹ, sórí. Ọmọ há a sórí. Máàkì ò kúrò níbi tó wà. A dá a dúró lóṣù kejìlá. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, bóyá orí mi ò gbé sáyẹ́ǹsì ni." Oníṣègùn ló fẹ́ jẹ́ láti kékeré.

Níbo ni mo ti lè rí olùkọ́ gidi? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó dáa kí n tó sanwó? Èmi ò ka Báólójì kọjá ilé ìwé girama.

Bàbá Ìbejì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ò ṣe jẹ́ kó jáde níbẹ̀, kó wọ Báólójì tí àwọn yòókù ń ṣe? Ìlera ọmọ ló ṣe pàtàkì jù.

Ìyá Akọ́bí:

Ẹ ṣeun sà. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò fẹ́ jáde, pé ẹ̀kọ́ náà ń dùn mọ́ òun, ìdánwò ni kò yé òun. Mi ò fẹ́ já a kulẹ̀.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:

Ẹ kú làálàá mà. Mo ń kọ́ Báólójì nílé ìwé girama níbí, mo sì ti kọ́ AP rí. Kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó kó gbogbo ìdánwò tí wọ́n ti máàkì jáde. Ẹ má wo iye tó gbà, ibi tó ti pàdánù ni kí ẹ wò. Ìdajì ìdánwò oṣù karùn-ún jẹ́ ìbéèrè 60 tí ọmọ á ti mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, láàárín ìṣẹ́jú 90. Ìdajì yòókù jẹ́ ìbéèrè 6 tó máa fọwọ́ kọ àlàyé sí, ìṣẹ́jú 90 náà ni: méjì gùn, mẹ́rin kúrú. Tó bá jẹ́ apá àkọ́kọ́ ló ń pàdánù sí, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ apá kejì, olùkọ́ mìíràn pátápátá lẹ nílò.

Ọ̀rọ̀ Krebs cycle yẹn bí mi nínú gan-an. Nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí College Board, àwọn tó ń ṣe ìdánwò AP, fúnra wọn gbé jáde, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé híhá àwọn ìgbésẹ̀ glycolysis (ìpele tó ṣáájú Krebs cycle) àti Krebs cycle sórí, àti orúkọ àwọn ẹ́ńsáìmù tó wà nínú wọn, kò sí lára ohun tí ìdánwò máa béèrè. Kí ọmọ mọ ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, àti ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ bí nǹkan kan bá dí i lọ́wọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń wá. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tí kò tíì kà á kò yẹ kó gba owó yín.

Ìyá Akọ́bí:

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo jókòó tì í lálẹ́ àná, a tú gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì. Bí ẹ ṣe wí náà ló rí. Nínú ìdánwò tó ṣe kẹ́yìn, ó gba 23 nínú 30 níbi tó ti ń mú ìdáhùn. Níbi tó ti ń kọ àlàyé, 5 nínú 18.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ọ̀kan. Wọ́n ya gíráàfù kan fún wọn. Ọ̀wọ́ ewéko méjì ló wà níbẹ̀: wọ́n fún ọ̀kan ní ajílẹ̀, wọn ò fún èkejì. Ọ̀pá ti ajílẹ̀ fi díẹ̀ ga ju ìkejì rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó sọ bóyá ajílẹ̀ yẹn mú ewéko dàgbà sí i, kó sì fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ mi kọ ìlà mẹ́jọ nípa iṣẹ́ tí nitrogen ń ṣe nínú purotéènì àti DNA. Òdo ni wọ́n fún un. Tíṣà rẹ̀ wá fi báírò pupa yípo àwọn ìlà tín-ín-rín kan tó dúró lórí àwọn ọ̀pá náà, ó kọ "Look here" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi ò mọ ohun tí ìlà yẹn wà fún. Mo bi ọmọ, òun náà ò mọ̀.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:

A ti rí i. Error bars ni wọ́n ń pe àwọn ìlà yẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iye tí ọ̀pá náà fi hàn lè lọ sókè tàbí sílẹ̀ dé ibi báyìí. Nínú ìdánwò yìí, bí ti ọ̀pá méjèèjì bá wọnú ara wọn, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyàtọ̀ gidi wà láàárín wọn. Ìdáhùn tí wọ́n ń wá ò ju ìlà méjì lọ: ẹ̀rí yìí ò tó láti sọ pé ajílẹ̀ ló fà á, torí pé error bars wọn wọnú ara wọn. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọmọ yín kọ, ìbéèrè tí wọn ò bi í ló dáhùn.

Irú ẹ̀ náà ló máa ń ṣe wọ́n lórí chi-square, ìṣirò tó ń wò bóyá ohun tí a kà jìnnà sí ohun tí a retí. Wọ́n á ní, àgbàdo méjì tí wọ́n mú so pọ̀ bí hóró 400. A retí kí 300 jẹ́ elésèé àlùkò, kí 100 jẹ́ pupa rúsúrúsú. Ohun tí wọ́n kà ni 310 àti 90. Ọmọ tó kàn há òfin àjogúnbá Mendel sórí (pé mẹ́ta á jẹ́ irú kan, ọ̀kan á jẹ́ irú kejì) á sọ pé, "Kò bára mu, nítorí náà kì í ṣe mẹ́ta sí ọ̀kan." Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: 10 ni ìyàtọ̀ tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ 10 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 100. 100 pín sí 300 jẹ́ 0.33, 100 pín sí 100 jẹ́ 1. Ẹ pa wọ́n pọ̀, 1.33. Iye tí tiwa gbọ́dọ̀ kọjá, tó wà nínú tébù tí wọ́n máa fún un lọ́jọ́ ìdánwò, jẹ́ 3.84. Tiwa ò tó o, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn lè jẹ́ ṣe kòńgẹ́ lásán. Ìṣirò yìí ò le. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, tó ń sọ ohun tí nọ́ńbà túmọ̀ sí, ibẹ̀ ni máàkì wà.

Nítorí náà, mà, ẹ má wá ẹni tó máa tún kíláàsì ṣe fún un. Tíṣà rẹ̀ ti ṣèyẹn, ó sì ti wọ̀ ọ́ létí. Ẹni tó máa mú un kọ̀wé lẹ ń wá, tó máa máàkì í níwájú rẹ̀, tó sì máa ní kó tún un kọ. College Board máa ń gbé àwọn ìbéèrè àlàyé tí wọ́n ti ṣe kọjá sórí ìkànnì wọn, pẹ̀lú ìwé tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe fún èèyàn ní máàkì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Yunifásítì:

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ tíṣà. Mo ṣe ìdánwò yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gba 5, tó ga jù lọ, Báólójì náà ni mo sì ń kà báyìí.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ti máa rí èèyàn: ẹ kọ́kọ́ bi tíṣà kíláàsì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dúró lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn ọmọ ni kì í lọ. Ẹ ní kó bá yín ṣí àwọn ìbéèrè àdáṣe tó wà nínú AP Classroom, ìkànnì College Board fún àwọn kíláàsì AP, torí tíṣà nìkan ló lè ṣí àwọn kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka Báólójì ní yunifásítì tó bá wà nítòsí yín. Àwọn tó ń ka másításì àti dókítọ́réètì ń wá irú iṣẹ́ yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fojú kan error bars. Nílé ìwé rẹ̀ pàápàá, ẹni tó gba 5 lọ́dún tó kọjá lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọmọ National Honor Society, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé, máa ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ níbi púpọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi títí oṣù kẹta fi pé: kó máa wo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Tí wọ́n bá ní "identify", kó dárúkọ ẹ̀, ó tán. "Describe", kó sọ bó ṣe rí. "Explain", kó sọ ìdí tàbí ọ̀nà tó fi ń ṣẹlẹ̀, "because" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. "Justify", kó fa ẹ̀rí yọ. Mo máa ń kọ ojú ewé kan síbi tí wọ́n ti ní identify, tí àkókò á fi tán.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Ẹ bi ọmọ náà léèrè irú ẹni tó fẹ́ jókòó tì o. Tó bá jẹ́ ojúkojú ni, inú pálọ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Tó bá jẹ́ Zoom, ẹ máa yọjú.

Bàbá Ìbejì:

Ẹ dákun, ṣé dandan ni kó gba 5?

Ọmọ Yunifásítì:

Rárá sà. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń fúnni. Yunifásítì kan á gba 3, òmíràn á ní 4, òmíràn 5 nìkan, àwọn kan ò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣègùn. Ìkànnì yunifásítì kọ̀ọ̀kan lèèyàn á ti wò ó.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán olùkọ́ wò, ẹ fún un ní ìbéèrè àlàyé kan ṣoṣo nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má wo bó ṣe mọ̀wé tó. Ẹ ka iye ìgbà tí báírò wà lọ́wọ́ ọmọ.

Ìyá Akọ́bí:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ.

Tíṣà kíláàsì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìṣẹ́gun lòun máa ń dúró di aago mẹ́rin, pé ọmọ méjì péré ló ń wá. Ọmọ mi ti di ìkẹta. Mo wá dán olùkọ́ àdáni méjì wò. Ẹni àkọ́kọ́ mọ̀wé, ó sì ń sọ̀rọ̀ dáadáa, òun nìkan ló sì sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnì kejì ń ka dókítọ́réètì. Ó gbé ìbéèrè síwájú ọmọ, ó ní, "Kọ ọ́, mo ń dúró." Ilé pa lọ́lọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó gbà á, kò sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ó fún un ní ìwé máàkì College Board, ó ní, "Máàkì ara ẹ." Ọmọ fún ara ẹ̀ ní 2 nínú 9. Wọ́n tún un kọ, ó di 6. Mo rí ojú ọmọ mi níbi tí mo jókòó sí. Òun la gbà.

Ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, apá àlàyé: 11 nínú 18. Ó mú un wá bá mi ní kíṣìn kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fi ìka tọ error bars inú gíráàfù kan, ó ń ṣàlàyé ẹ̀ fún èmi.

Tíṣà, ìbéèrè kan ló kù. Ìpín mẹ́jọ ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ náà sí, wọ́n ti dé ìpín kẹfà. Tí àkókò ò bá tó, èwo ni kó gbájú mọ́ jù?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:

Inú mi dùn gan-an, mà. Ẹ bá mi kí i.

Ìpín keje, Natural Selection (bí àyíká ṣe ń yan ẹ̀dá tó máa yè), ló wúwo jù: ó ń kó 13 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún apá tí wọ́n ti ń mú ìdáhùn. Ìpín kẹta tó dá lórí agbára inú sẹ́ẹ̀lì, àti ìkẹfà tó wà lórí DNA, ń kó 12 sí 16 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kó fi sí. Ìpín kẹjọ tó jẹ́ ti àyíká ni àwọn kíláàsì sábà máa ń sáré kọjá torí ìparí ọdún, bẹ́ẹ̀ ìkẹjọ náà ń kó 10 sí 15, nítorí náà kí olùkọ́ yẹn bá a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó tó di oṣù kẹrin. Ohun kan tún wà: orí kọ̀ǹpútà, nínú Bluebook, áàpù ìdánwò College Board, ló ti máa ka ìbéèrè lọ́jọ́ náà, inú ìwé ló sì máa fọwọ́ kọ àlàyé sí. Kó máa ka ìbéèrè lójú kọ̀ǹpútà láti ìsinsìnyí, kó sì máa fi báírò kọ ọ́.