Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ti pẹ́ nílẹ̀: ṣé wọ́n lè para pọ̀ di sítúdíò kan?

Aláwòrán_Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Èkíní jẹ́ ti orí tábìlì: core 6 (ẹ̀ka ọpọlọ ẹ̀rọ), RAM 16 GB (ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń gbé), GPU 6 GB (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán). Èkejì náà jẹ́ ti orí tábìlì: core 4, RAM 8 GB, kò ní GPU gidi. Ẹ̀kẹta ni láptọ́ọ̀pù, RAM 8 GB. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ni gbígba ohùn sílẹ̀, gígé fídíò, àti àwòrán tó ń rìn nínú Blender, program tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D. Ṣé mo lè so wọ́n pọ̀ di ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní RAM 32 GB?

Wáyà_Mẹ́jọ:
Ẹ kú ìbéèrè. Ti RAM yẹn ò ṣeé ṣe o. Program tó ń gé fídíò lórí ẹ̀rọ kan kò lè na ọwọ́ dé inú RAM èkejì. Ẹ pín iṣẹ́ fún wọn ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ tó ní GPU ni kí ẹ máa fi gé fídíò. Èyí tó ní core 4, ẹ fi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) àti Samba (program tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ yòókù rí fáìlì rẹ̀) sí i, kó máa tọ́jú fáìlì. Láptọ́ọ̀pù ni kó máa gba ohùn, torí fáànù rẹ̀ kì í sábà pariwo tó ti àwọn yòókù.

Okùn tó so wọ́n pọ̀ ni ẹ̀mí sítúdíò yìí. Ẹ ra switch gigabit oníhò 5 (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, tó ń gbé 1000 Mb/s) àti okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e tàbí Cat6. Ẹ má gbára lé ihò ẹ̀yìn router láìyẹ̀ ẹ́ wò, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá 100 Mb/s. Fídíò wákàtí kan tí kámẹ́rà gbà ní 100 Mb/s á tó 45 GB. Lórí gigabit, tó máa ń gbé nǹkan bíi 110 MB/s (Mb ni bit, MB ni byte; bit 8 ló wà nínú byte kan), ìṣẹ́jú 7 ló máa fi kọjá. Lórí 100 Mb/s, ó lé ní wákàtí kan.

Ohun kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Wáyà tín-ín-rín 8 ló wà nínú okùn náà. Gigabit ń lo gbogbo wọn, 100 Mb/s ń lo 4 péré. Tí ẹyọ kan bá já nínú àwọn 4 tó kù, iná orí switch á ṣì máa tàn, fáìlì á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n á máa wọ́. Lórí Linux, ẹ lo `ethtool` kí ẹ wo ibi tó kọ Speed sí. Bí ẹ bá rí 100Mb/s dípò 1000Mb/s, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Férémù_24:
Ti Blender ni tèmi. Ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà púpọ̀ ti ń wúlò jù, torí férémù kọ̀ọ̀kan (ẹyọ àwòrán kan nínú fídíò) dá dúró. Tẹ́ ẹ bá ń render (kí Blender ya àwòrán náà parí), ẹ má ṣe é sí MP4, tó jẹ́ fáìlì fídíò kan ṣoṣo, rárá. Fáìlì àwòrán PNG tàbí EXR ni, fáìlì kan fún férémù kan, sínú fódà tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò. Lábẹ́ Output, ẹ yọ àmì kúrò lára Overwrite, kí ẹ fi àmì sí Placeholders. Ẹ wá pa àṣẹ yìí lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan:

`blender -b ise.blend -a`

Ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ dé orí férémù kan á fi fáìlì òfìfo gba àyè sílẹ̀. Èkejì á rí i, á sì fò ó bọ́ sí èyí tó kàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, fáìlì òfìfo yẹn á dúró síbẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ á sì máa fò ó. Ẹ dá gbogbo ẹ̀rọ dúró, ẹ wọ inú fódà férémù, ẹ pa àṣẹ `find . -size 0 -delete` láti yọ àwọn fáìlì òfìfo kúrò, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Version Blender gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo wọn. Ẹ lo Pack Resources, tó ń kó àwòrán sínú fáìlì Blender, kí àwòrán má sọnù, kí ẹ sì bake (ṣírò kí ẹ sì tọ́jú) ohunkóhun tó bá jẹ́ physics, bíi omi tàbí èéfín, ṣáájú. Iṣẹ́ tí kò bá wọ inú RAM 8 GB, ẹ̀rọ kékeré ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Aláwòrán_Ilé:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ohùn náà lè máa gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ tààrà? Hard disk méjì tó dọ́gba wà nílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìtọ́jú fáìlì, mo rò pé RAID 1, tó ń kọ ohun kan náà sórí disk méjèèjì, á tó.

Etí_Ọ̀bọ̀rọ́:
Rárá o, sínú disk láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbà á, lẹ́yìn náà kí ẹ kó o lọ. Pa Wi-Fi tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn. Ẹ fi gbogbo nǹkan sí 48 kHz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn, ẹgbẹ̀rún 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), buffer 256 (iye ìwọ̀n tó ń kó jọ kó tó gbé e lọ). Buffer yẹn jẹ́ nǹkan bíi 5.3 ms.

Aago kámẹ́rà àti ti láptọ́ọ̀pù kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí wọ́n bá fi 50 yàtọ̀ nínú mílíọ̀nù kan, lẹ́yìn wákàtí kan ohùn á ti fi ìṣẹ́jú àáyá 0.18 yà kúrò lára ẹnu, ìyẹn lé ní férémù 4. Nítorí náà, ẹ pàtẹ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún pàtẹ́wọ́ níparí. Ẹ to ti ìbẹ̀rẹ̀ bára mu, kí ẹ wá na ohùn tàbí kí ẹ sún un kì títí ti ìparí á fi bọ́ sójú kan.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "hùùù" lábẹ́ ohùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bó bá dákẹ́, ọ̀nà iná ló fà á: ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ extension kan náà, kí ẹ sì lo okùn XLR (okùn ohùn tó ní ìhò mẹ́ta, tó ń dín ariwo kù).

Ní ti RAID 1, ó ń gbà yín lọ́wọ́ disk tó kú ni. Fáìlì tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ á pa rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò bá lo ọ̀kan fún iṣẹ́, kí n máa fi `rsync`, àṣẹ tó ń da fáìlì kọ, da iṣẹ́ ọjọ́ náà kọ sórí èkejì lálaalẹ́, kí n má sì fi `--delete` sí i, torí ìyẹn á pa ohun tí ẹ ti pa rẹ́ níbí rẹ́ lọ́hùn-ún náà.