Ìrètí Olórí olódodo nígbà ogun: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Aláàyan:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún mi láti darí ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí ìlérí Ọba olódodo. Bí ìròyìn ogun bá ti jáde báyìí, kò sóhun tí àwọn èèyàn ń béèrè ju "Ibo ló wà nínú Bíbélì?" lọ. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fi orúkọ olórí òde òní há inú ẹsẹ kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

Bàbá Olùkọ́:
Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Aísáyà 9:6. Kérésì ti jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sórí débi pé kò wọ̀ wọ́n létí mọ́. Láti 8:21 ni kẹ́ ẹ ti gbé e. Níbẹ̀, ebi ń pa àwọn èèyàn kiri, inú ń bí wọn, wọ́n ń gbé ọba wọn àti Ọlọ́run wọn ṣépè. Ìgbà náà ni 9:1 wá dárúkọ ilẹ̀ Sébúlúnì àti Náfítálì. Kí ló dé tó jẹ́ àwọn yẹn? Ẹ ṣí 2 Àwọn Ọba 15:29: Gálílì àti gbogbo ilẹ̀ Náfítálì wà lára ibi tí Tiglati-Píleséri ọba Ásíríà gbà, tó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sígbèkùn. Ilẹ̀ tí ogun ti kọ́kọ́ jà ni ìlérí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bá. Mátíù 4:13-16 fi í hàn nígbà tí Jésù lọ gbé ní Kápánáúmù. Ẹ má sì fo Aísáyà 9:5, níbi tí bàtà ọmọ ogun àti aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ti di ohun ìdáná.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ka Sáàmù 72, orin àdúrà fún ọba tó ń ṣòdodo, pọ̀ mọ́ Diutarónómì 17:16-20. Òfin yẹn kọ ohun mẹ́ta fún ọba: kó má kó ẹṣin jọ, kó má kó aya jọ, kó má sì kó fàdákà àti wúrà jọ rẹpẹtẹ. Ẹ wá lọ sí 1 Àwọn Ọba 10 àti 11 kẹ́ ẹ wo Sólómọ́nì: wúrà 666 tálẹ́ńtì lọ́dún kan, kẹ̀kẹ́ ogun 1,400, ẹṣin láti Éjíbítì, aya 700. Kò sí èyí tí kò rú níbẹ̀. Ẹni tó bá ka Sáàmù 72 lẹ́yìn ìyẹn á rí i pé ọba tí orin náà ń wí kò tíì jókòó sórí ìtẹ́ Jerúsálẹ́mù.

Jeremáyà 22 àti 23 ni ọ̀sẹ̀ kẹta. Jèhóíákímù ọba Júdà ń bu owó orí fún ará ìlú kó lè rí ti Fáráò Nékò, ọba Éjíbítì, san (2 Àwọn Ọba 23:35), síbẹ̀ ó ń kọ́ ààfin tó ní fèrèsé ńláńlá, ó fi igi kédárì bò ó, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa, kò sì san owó àwọn òṣìṣẹ́. Jòsáyà bàbá rẹ̀ ni Jeremáyà fi ṣe òdiwọ̀n: ó gba ẹjọ́ tálákà àti aláìní rò. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ tó kù fún Aísáyà 11 àti Lúùkù 1:32-33.

Ọmọ Ìwé Mímọ́:
Ètò yìí dára, àmọ́ ẹ má fi Jòsáyà sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn o. Mẹ́gídò ni wọ́n ti pa ọba rere yìí, ní 609 ṣáájú ìbí Jésù. Tẹ́ ẹ bá fò ó, àwọn èèyàn á lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ká ṣáà ti rí olórí tó bẹ̀rù Ọlọ́run, ogun parí. Ẹnì kan á béèrè. Ẹ sì jẹ́ kó béèrè, torí ibẹ̀ gan-an ni Jeremáyà 23:5, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ọba olódodo láti ìlà Dáfídì, ti wúlò.

Aláàyan:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹlòmíì á ní olórí báyìí-báyìí ni Kírúsì tiwa, bíi ti ọba Páṣíà tí Ọlọ́run lò. Kí ni kí n fún un lésì?

Ìyá Ẹgbẹ́:
Ẹ ní kó ka Aísáyà 45:1 dé 5 sókè, kó má kàn ka ẹsẹ 1. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run sọ fún Kírúsì níbẹ̀ pé kò mọ òun. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n rán an: kí ìgbèkùn di òmìnira, kí wọ́n sì tún Jerúsálẹ́mù kọ́. Ó gba Bábílónì ní 539 ṣáájú ìbí Jésù, ó jẹ́ kí àwọn Júù padà sílé. Ọba tí kì í fi ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan ṣèdájọ́ wà ní Aísáyà 11:3-4, ẹlòmíì pátápátá nìyẹn. Ẹni tó bá pe olóṣèlú ní Kírúsì kò tíì pè é ní olódodo.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí Aísáyà 2:4. Ère ọkùnrin tó ń fi idà rọ ohun ìtúlẹ̀ wà ní ọgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ẹ̀bùn Soviet Union ní 1959. Ìdajì ẹ̀yìn ẹsẹ náà ni wọ́n gbẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ ni pé Olúwa ni yóò ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Tẹ́ni kan bá sì fẹ́ fi ìdà rírọ yìí ṣe àmì àkókò, Jóẹ́lì 3:10 ní kí wọ́n fi ohun ìtúlẹ̀ rọ idà!

Tí wọ́n bá béèrè ìgbà, ẹ ka Ìṣe 1:6-7. Àwọn kan ń retí ẹgbẹ̀rún ọdún ìjọba Kristi inú Ìfihàn 20 lórí ilẹ̀ ayé, àwọn mìíràn gbà pé Kristi ti ń jọba báyìí. Ẹ sọ èrò méjèèjì, kẹ́ ẹ sì kọjá, torí àríyànjiyàn yẹn lè jẹ odindi ọ̀sẹ̀ kan mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn gbàdúrà bí 1 Tímótì 2:1-2 ṣe wí. Ilé ẹjọ́, owó òṣìṣẹ́ àti àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni kẹ́ ẹ dárúkọ nínú àdúrà náà.