Ṣé kí n pa ìrìnàjò Gibb River Road tì lẹ́yìn tí mo ti sanwó? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Tèmi:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì fẹ́ kó di ìjà láàárín èmi àti ìyàwó mi.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń múra láti wa jíìpù gba Gibb River Road kọjá, láti Derby títí dé Kununurra. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọsirélíà mọ ọ̀nà náà: nǹkan bíi 660 kìlómítà, erùpẹ̀ pupa àti òkúta ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú àbá yìí wá. Òun ló ní ká jọ lọ, jíìpù méjì, kí ọ̀kan lè fa èkejì bó bá rì. Mo ra àgọ́. Mo ra okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, mo ra pátákó tí wọ́n ń tì sábẹ́ táyà, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí pé òun ò lọ mọ́, nítorí òjò. Kò tiẹ̀ ní kí n má bínú.

Ìyàwó mi náà wá rí ohun sọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì fi táyà kan ẹrẹ̀ rí, ń fi fídíò ọkọ̀ tí omi gbé lọ ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́. Àwọn tí mo háyà jíìpù lọ́wọ́ wọn sì ní àwọn ò ní dá àsansílẹ̀ mi padà. Ó dùn mí wọra. Ọdún kan gbáko ni mo fi tu owó yẹn jọ.

Ìbéèrè mi ò le: ṣé òjò yìí tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pa ìrìnàjò tì, àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà mí ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ? Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i níbẹ̀.

Akínkanjú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ o! Èmi àti ìyàwó mi ti gbà á kọjá rí, kò sí ìrìnàjò tó dùn tó o láyé mi. Táyà méjì ló bẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí ojú ọ̀nà náà rí bíi páànù òrùlé, ó ń gbọn ọkọ̀ títí eyín èèyàn á fi máa kan ara wọn. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù, á rọ̀ yín lọ́rùn. Ní ti odò Pentecost tó gba ojú ọ̀nà náà kọjá, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, omi ò kọjá ìdajì táyà wa. Mò ń rí òkúta nísàlẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá.

Awakọ̀ Àríwá:
Akínkanjú, oṣù wo lo lọ?

Akínkanjú:
Oṣù keje.

Awakọ̀ Àríwá:
Ìdí abájọ. Nínú oṣù keje, òjò ti dá tipẹ́. Apá ibí yìí ni mo ti ń kó ẹrù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin ni ìgbà òjò wa. Àkókò ìjì líle gan-an, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin ni wọ́n kà á dé. Ìjọba máa ń ti Gibb pa nígbà òjò. Bí òjò bá sì dá, wọn kì í ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, abala kan lẹ́yìn òmíràn ni, bí ilẹ̀ bá ṣe gbẹ sí. Ọdún mìíràn á yá, ọdún mìíràn á pẹ́ wọ inú oṣù karùn-ún dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ fún odò.

Ohun tí àwọn èèyàn ò sì mọ̀ ni pé òjò ibi tẹ́ ẹ wà kọ́ ló ń kún odò. Oòrùn lè máa ràn lórí yín, kí àgbàrá òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún lánàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀. Ẹ sì máa ń gbọ́ pé kéèyàn fẹsẹ̀ rìn wọ odò wò kó tó wakọ̀ wọ̀ ọ́. Ní Pentecost, ẹ má dán an wò. Ọ̀nì wà níbẹ̀, àwọn ńláńlá.

Ẹrẹ̀ dúdú tiẹ̀ burú ju omi lọ. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ wo táyà mi rí nínú ẹ̀. Ẹrẹ̀ ti dí gbogbo kòtò ara táyà, ó dán bíi ọṣẹ. Mo tẹná, ẹ́ńjìnì ń pariwo, ọkọ̀ ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sínú kòtò.

Bàbá Tèmi:
Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wakọ̀, kì í ṣe ẹrẹ̀ ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Jíìpù tí mo háyà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ó ní páìpù gíga tó ń fa afẹ́fẹ́ látòkè kí omi má bàa wọ ẹ́ńjìnì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rẹ́ mi yìí mọ gbogbo èyí kó tó jẹ́ kí n náwó.

Ìyá Ìbejì:
Oṣù wo, sà?

Alàgbà Cairns:
Ìwọ Bàbá Tèmi, owó ló ń dùn ọ́, kì í ṣe ọ̀nà lò ń béèrè. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi, má bínú.

Èmi náà ṣe é rí, lọ́nà Cape York, ní àríwá Queensland níbí. Wọ́n ní òjò ti lọ tán, mo gbà. Mo kọjá odò kékeré kan láàárọ̀, omi ò dé kókósẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, odò tó wà níwájú ti kún. Mo yíjú padà, èyí tí mo ti kọjá náà ti kún. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà láàárín odò méjì. Mò ń fi ife wọn omi mímu. Páìpù gíga wà lórí ọkọ̀ mi o. Kò ní kí omi má gbé ọkọ̀.

Akínkanjú:
Bàbá, ẹ má fìyẹn dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tó bá múra dáadáa á kọjá.

Awakọ̀ Àríwá:
Ìmúra kì í ṣí ọ̀nà tí wọ́n bá tì. Ìtanràn wà fún un. Ipa táyà tó bá sì jìn sínú ilẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa gbẹ. Àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà yẹn ló máa jìyà ẹ̀.

Bàbá Tèmi:
Ó dáa. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin la fẹ́ gbéra. A máa wọ bàálù dé Broome, ibẹ̀ la ti máa gba jíìpù. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n ti ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo rò pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ náà nìyẹn. Mi ò lè sún un síwájú nítorí Màámi ń padà sílé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Òkè Odò:
Ẹ dúró ná. Màámi wo? Ṣé Màámi ń bá yín lọ ni?

Bàbá Tèmi:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi ni. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Ara wọn le, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n ń lò.

Nọ́ọ̀sì Òkè Odò:
Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìgbèríko. Bí ara Màámi bá yí padà lójú ọ̀nà yẹn, bàálù àwọn dókítà ló máa wá gbé wọn. Erùpẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ibi tí bàálù yẹn ń bà sí. Bí òjò bá ti rin ín, bàálù ò lè balẹ̀. Foonu yín ò ní gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́pọ̀ ibi níbẹ̀. Oògùn ọjọ́ mélòó ni Màámi máa mú dání? Bí omi bá wá há yín mọ́ bó ṣe há Alàgbà mọ́ ńkọ́?

Alàgbà Cairns:
O ń gbé ìyá rẹ lọ sójú ọ̀nà tí wọ́n tì, o wá ń bínú sí ọ̀rẹ́ rẹ. Lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ.

Ìyá Ìbejì:
Alàgbà, ẹ rọra. Bàbá Tèmi, kí ni Màámi fẹ́ rí gan-an? Ṣé àwọn ni wọ́n ní Gibb làwọn fẹ́ gbà?

Bàbá Tèmi:
Rárá. Màámi ò mọ Gibb. Igi osè ni wọ́n fẹ́ rí. Mo fi àwòrán kan hàn wọ́n, ni wọ́n pariwo pé, "Osè rèé! Ta ló gbé osè dé ibí?" Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fọwọ́ kàn án kí àwọn tó padà. Nígbà tí Bàámi wà láyé, osè kan wà lẹ́bàá oko wọn, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jẹun ọ̀sán.

Awakọ̀ Àríwá:
Osè nìkan? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò nílò Gibb. Boab ni wọ́n ń pè é níbí, ẹbí osè tiwa ni. Wọ́n kún ìlú Derby, wọ́n wà lẹ́bàá títì. Láti Broome dé Derby ò ju nǹkan bíi 220 kìlómítà lọ, ọ̀dà ni látòkè délẹ̀. Ọkọ̀ kékeré dé ibẹ̀. Èyí tó tóbi gan-an wà lẹ́yìn ìlú díẹ̀. Wọ́n ṣọgbà yí i ká, ohun ọ̀wọ̀ ló jẹ́ fún àwọn onílẹ̀, nítorí náà ẹ wo ìyẹn látìta. Àwọn ti inú ìlú ni kí Màámi fọwọ́ kàn.

Ẹ ṣì yẹ ọ̀nà wò láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ o, omi ń dí ọ̀nà ọ̀dà náà. Nínú oṣù kìíní ọdún 2023 ni àgbàrá ba afárá tó wà lójú ọ̀nà ọ̀dà ní ìlú Fitzroy Crossing jẹ́, oṣù kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n tó ṣí tuntun.

Ìyá Ìbejì:
Ní ti jíìpù, ṣé owó lẹ ní kí wọ́n dá padà, àbí ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú?

Bàbá Tèmi:
Owó ni mo béèrè. Mi ò ronú kan pé kí wọ́n sún un. Màá pè wọ́n lọ́la, bóyá wọ́n á gbé e sí oṣù kẹfà. Màá pe ọ̀rẹ́ mi náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Màámi pé Derby la ń lọ. Wọ́n ní kí n bi yín: ṣé ó léwé lórí báyìí?

Awakọ̀ Àríwá:
Ẹ bá mi kí wọn. Ó ṣì léwé nínú oṣù kẹrin, òjò ló ń mú un rúwé. Tó bá di oṣù kẹfà tẹ́ ẹ máa padà wá, ẹ̀ka lásán lẹ máa bá.