Wọ́n ní àyànmọ́ ni, nítorí náà kí n má béèrè ìwé kọ́ọ̀tù

Àdùkẹ́ Ṣùúrùlérè: Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin àgbà. Ẹbí àfẹ́sọ́nà mi dá Ifá, wọ́n ní èmi ni ìpín ọmọ wọn, ìdáná nìkan ti tó, kí la tún fẹ́ lọ ṣe ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ní Ìkòyí? Tí mo bá dárúkọ ẹ̀tọ́ ọgbọọgba, wọ́n á ní orí ló ń yan ọkọ, kì í ṣe ìwé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Awo Mushin: Àbúrò, wọ́n lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ fún ọ ni. Àkúnlẹ̀yàn ni èyí tí ẹ̀dá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè lọ́run. Àkúnlẹ̀gbà ni èyí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Àyànmọ́ ni èyí tí kò ṣeé yí, bí ilé tí wọ́n bí ọ sí. Lójú tèmi, ọkọ ò sí nínú ìkẹta yẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dì pa, kí la wá ń rúbọ fún? Nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ogbègúndá, àwọn mẹ́ta ló lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run. Méjì kánjú. Afùwàpẹ́ ló dúró rúbọ, owó ẹbọ yẹn ló fi san gbèsè Àjàlá, Àjàlá sì bá a mú orí tó dáa. Èwo ni àyànmọ́ níbẹ̀? Àti pé, ta ló di ìbò (ohun tí oníbèèrè ń dì mọ́wọ́) mú lọ́jọ́ tí wọ́n dá Ifá náà? Bí kì í bá ṣe ìwọ, ìbéèrè tiwọn ni Ifá dáhùn.

Lọ́yà Yàbá: Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí òfin. Ìdáná nìkan fàyè gba ìyàwó kejì, ìkẹta. Tí ọkọ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún. Ìdí-igi ni wọ́n máa ń fi pín in: ìyàwó 4 tó bímọ, ìpín 4, ọlọ́mọ 5 àti ọlọ́mọ 1 gba iye kan náà. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ará Èkó ni wọ́n, fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní 1962. Pẹ̀lú ìwé kọ́ọ̀tù, òfin Èkó fún aya ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ pín ìyókù. Ọkọ tó bá fẹ́ ẹlòmíì lé e, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 7 ló wà fún un (ká má purọ́, agbára káká ni wọ́n fi ń gbé ẹnikẹ́ni lọ).

Ẹ jọ lọ fi ìwé ìkéde ìgbéyàwó sílẹ̀: ìwé ọjọ́ ìbí, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò. Ẹ ó dúró ọjọ́ 21 bóyá ẹnìkan á takò ó. Kí ẹ ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù 3 tó pé láti ọjọ́ ìkéde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì, aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 á gba ìwé ìyọ̀ǹda òbí.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: bí ọkọ bá ti ṣe ìdáná fún obìnrin míì tí wọn ò sì tíì tú u ká, sátífíkéètì yín ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta: Ọmọ mi, ilẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni kó wà lórí rìsíìtì, sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀) àti ìwé ilẹ̀, kó tó di pé ẹ gbé e lọ sí Alausa, níbi tí ìjọba Èkó ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Àtúnṣe lẹ́yìn ìyẹn, owó ni.

Àdùkẹ́ Ṣùúrùlérè: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mi ò tiẹ̀ bèèrè rí bóyá ó ti ṣe ìdáná níbòmíì. Alẹ́ yìí ni màá bi í.