Fíùsì ₦120,000: ṣé kí n rà á àbí kí n fowó mi pamọ́?

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù, Súrùlérè
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní ańpilífáyà àtijọ́ kan tí bàbá mi fi sílẹ̀, òun ni mo fi ń gbọ́ àwo jùjú lálẹ́ Sátidé. Láti bí oṣù mẹ́ta, bí ìyá ìlù bá ti wọlé, ńṣe ni béèsì rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tí ebi ń pa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní fíùsì rẹ̀ ni kí n pààrọ̀. Kì í ṣe èyí tí gbogbo wa mọ̀ o. Fàdákà ni wáyà inú rẹ̀, wọ́n fi wúrà bo etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n wá ya ọfà sí i lára pé ibí ni iná gbọ́dọ̀ gbà. Ẹyọ kan, ₦120,000! Ó ní òun fi sí tòun, orin sì mọ́ kedere. Ìyàwó mi ti ní bí mo bá rà á, fíùsì náà ni n óò jẹ lálẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Alábà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á. Ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe ní Alábà, ó ti pé ọdún 19. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni fíùsì wá ṣe láyé: kó kú kí ilé má baà jóná. Bí iná bá ju agbára wáyà inú rẹ̀ lọ, wáyà á yọ́, á já. Bí kò bá tíì já, kò fi nǹkan kan kún orin. Ẹ wo ibi tí iná ti ń bọ̀ ná: tiransífọ́mà àdúgbò, orí òpó, mítà, inú ògiri, kó tó kan fíùsì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ milimítà 20. Tó bá kúrò níbẹ̀, tiransífọ́mà inú ẹ̀rọ ló tún kàn, kí wọ́n tó sọ ọ́ di DC, iná tí kì í lọ kó tún padà, kí kapásítọ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́ tó gbà á. Kí ni fàdákà bíńtín yẹn fẹ́ tún ṣe?

Ọfà yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Iná Nẹ́pà ń lọ ó ń bọ̀ ni, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ló wá ya ọfà fún èyí tó ń padà bọ̀?

Bọ̀dá Yábàá
Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pààrọ̀ tèmi lọ́dún tó kọjá, mo sì gbọ́ ìyàtọ̀. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Àǹtí Injiníà, Èbúté Mẹ́ta
Bọ̀dá, mo gbà pé ẹ gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ṣebí ẹ yọ fíùsì tí ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́? Fíùsì ₦200 ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó bá sì ti sanwó ńlá, etí rẹ̀ ti ń retí ire kó tó tan ẹ̀rọ.

Ibì kan wà tí mi ò ní jiyàn. Àwọn ańpilífáyà àtijọ́ kan ní fíùsì lójú ọ̀nà sípíkà gan-an. Tí béèsì bá ń lù níbẹ̀, wáyà fíùsì á gbóná, á máa dí iná lọ́nà díẹ̀, ẹ̀rọ ìdíwọ̀n lè rí i. Ti ẹnu ọ̀nà iná kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ yá ti ọ̀rẹ́ yín wò. Kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa sọ èyí tó wà níbẹ̀. Kó yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri ná o! Nọ́ńbà áḿpíà, ìyẹn ìwọ̀n iná tí fíùsì lè gbà, gbọ́dọ̀ bára mu, àti lẹ́tà T tàbí F iwájú rẹ̀: T máa ń fara da iná tó ń ya wọlé nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, F kì í fara dà á. Ẹ sì fi tẹ́sítà wo bí iná ilé yín ṣe lágbára tó lálẹ́.

Tísà Ìsàlẹ̀ Èkó
Aládùúgbò mi kan fi bébà inú páálí sìgá we fíùsì tó ti jó. Ańpilífáyà ló wá jó dípò fíùsì. Ẹ dákun, ẹ má dán an wò.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù, Súrùlérè
Mo ti dé o. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ihò fíùsì tèmi wà, kò la títú lọ. Àbúrò mi ló ń pààrọ̀ rẹ̀, mo kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tísà ń jẹ níyà. Nínú mẹ́wàá, mo gba márùn-ún. Ìyàwó mi tí kò tiẹ̀ fetí sílẹ̀, inú yàrá ìdáná ló ti ń pariwo ìdáhùn, ó gba mẹ́fà.

Iná wá ńkọ́? Fóòtì 168 láago mẹ́jọ alẹ́, 231 láago méjì òru. Mo sì tan ẹ̀rọ láago méjì yẹn, jẹ́jẹ́. Béèsì ti padà!

Ọmọ Alábà
Ẹ ò rí i? Ní 168, agbára tí irú ańpilífáyà bẹ́ẹ̀ lè gbé jáde kò ju bí ìdajì lọ. Sitẹbiláísà gidi lẹ nílò. Ẹ má ra ẹlẹgẹ́ o, ẹ ra èyí tó lè gbé ẹ̀rọ yín dáadáa.

Bọ̀dá Yábàá
Ṣé ẹ jẹ́ kí fíùsì yẹn ṣiṣẹ́ fún wákàtí 100 kẹ́ ẹ tó dán an wò? Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ mọ́ ẹ̀rọ lára ná.

Ọmọ Alábà
Wákàtí 100 pẹ̀lú iná àdúgbò wa? Ẹ̀gbọ́n, Kérésìmesì nìyẹn.